Ìdí Tí Fáìlì Fi Ń Lọ Síwájú Nìkan Lára Eyín Ayùn

Nígbà láéláé, nígbà tí àwọn irin ṣì ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn, agégẹdú kan wà tó ń jẹ́ Akínfẹ́nwá. Òun àti Àṣàkẹ́, ìyàwó rẹ̀, ń gbé létí igbó.

Ẹ̀rọ ni ayùn tí Akínfẹ́nwá fi ń gégi. Ṣéènì eléyín ló ń yí lára rẹ̀. Bí eyín kan bá kọjú sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e á kọjú sósì, títí wọ́n á fi yí ṣéènì náà po.

Fáìlì ló ń pọ́n wọn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ara rẹ̀ kò sì dán. Lásìkò yẹn, bó ṣe ń lọ ló ṣe ń bọ̀ lórí eyín, kó lè tètè ṣe tán. Àwọn eyín ọ̀tún ló sún mọ́ ọn jù, nítorí náà ó máa ń pọ́n wọn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Tó bá kan àwọn ti òsì, á pọ́n wọn lẹ́ẹ̀mejì péré, á ní ó ti tó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, eyín tó kéré jù lápá òsì bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè gé nǹkan kan mọ́. Bí ẹ bá sì ń padà bọ̀, ẹ máa ń bó mi lára."

"Ìwọ ń ráhùn jù," Fáìlì dá a lóhùn. "Ṣé o gbọ́ kí àwọn ti ọ̀tún sọ nǹkan kan?"

Àwọn eyín ọ̀tún gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò sọ̀rọ̀. Ara tiwọn dá ṣáṣá.

Lọ́jọ́ náà gan-an, Akínfẹ́nwá lọ gé igi arère ńlá kan. Àṣàkẹ́ gbé oúnjẹ wá fún un, ó dúró níbi tí ọkọ rẹ̀ ní kó dúró sí. Àmọ́ apá kan ayùn ń jẹ igi, apá kejì ò jẹ ẹ́, ojú ibi tó ń gé sì wọ́. Kàkà kí igi náà wó sí ìsàlẹ̀ àfonífojì, ọ̀dọ̀ Àṣàkẹ́ ló kọrí sí.

Akínfẹ́nwá ju ayùn sílẹ̀, ó sáré, ó ti ìyàwó rẹ̀ kúrò. Ẹ̀ka igi bá a lẹ́sẹ̀.

Odindi oṣù kan ni kò fi lè dìde. Àṣàkẹ́ ló ń fi omi gbígbóná tọ́jú ẹsẹ̀ náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ayùn sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ eyín rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ọkọ mi, apá kan mú, apá kejì ò mú rárá." Ó wo àwọn eyín. "Ta ló ṣe yín báyìí?"

Eyín ọ̀tún kan ló fọhùn.

"Ìyá, ìpín wọn là ń gbà. A mọ̀, a ò sì sọ."

Fáìlì jẹ́wọ́. "Èmi ni mo jẹ̀bi. Eyín kékeré òsì ti sọ fún mi, mi ò gbọ́. Ẹ wá nǹkan tí á máa tọ́ mi."

Akínfẹ́nwá nawọ́ láti orí ibùsùn rẹ̀. Ó mú irin pẹlẹbẹ kan, ó fa ìlà atọ́nà sí i lára, ó sì de Fáìlì mọ́ ọn kó má baà yà.

Ọ̀dọ̀ eyín kékeré yẹn ni Àṣàkẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó rọra ti Fáìlì síwájú. Nígbà tó fẹ́ fà á padà, Fáìlì ní, "Ẹ gbé mi sókè, Ìyá. Ìgbà tí mo bá ń padà ni mo máa ń bó eyín yìí lára."

Ó gbé e sókè. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ń kà á, ó bọ́ sórí eyín òmíràn. Nígbà tí apá òsì parí, ó yí ayùn padà, ó ka márùn-ún fún àwọn ti ọ̀tún náà.

Fáìlì rẹ ohùn sílẹ̀, ó bi eyín kékeré, "Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun."

Nígbà tí ẹsẹ̀ Akínfẹ́nwá san, ó gé arère mìíràn. Ibi tó nawọ́ sí gan-an ló wó sí. Òun àti Àṣàkẹ́ jókòó sórí rẹ̀, wọ́n jọ jẹun.

Láti ọjọ́ náà ni fáìlì kì í ti í padà sẹ́yìn lórí eyín ayùn. Iye kan náà ni wọ́n ń kà fún eyín ọ̀tún àti ti òsì. Bí ẹ bá sì tẹ́tí sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pọ́n ayùn, ẹ ó gbọ́ ọ tó ń rọra bi wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: "Ṣé? Ṣé? Ṣé?"