Ìdọ̀bálẹ̀ Alága Nínú Táwẹ̀lì
Alága káńsù kan nà sórí bẹ́ẹ̀dì ilé másáàjì, táwẹ̀lì nìkan ló wà nídìí rẹ̀, ó ní bí Fadérera tó ń wọ́ ẹ̀yìn òun kò bá ní bá òun sùn, òun á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa. Fadérera kúnlẹ̀. "Kò burú, sà. Ẹ jẹ́ kí n tọrọ gáfárà lọ́wọ́ màmá tó kàn, tó ń dúró níta." Ó ṣílẹ̀kùn gbayawu. "Màmá, ẹ má bínú. Àna yín Alága, tí ẹ máa ń fi yangàn, ni mo ń tọ́jú." Ìyá ìyàwó Alága yọjú. Èèyàn kì í rí àna kó má dọ̀bálẹ̀; Alága fọwọ́ kan di táwẹ̀lì mú, ó nà gbalaja sílẹ̀. Màmá ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, àna mi. Ṣé orúnkún ló ń dun ẹ̀yin náà?" Alága kò gbójú sókè. "Ẹ̀yìn ni, mà." Màmá fa àga wá sẹ́nu ọ̀nà, ó jókòó. "Fadérera, wọ́ ẹ̀yìn náà dáadáa. Mo wà níbí."