Àyè Kan Lórí Bẹ́ǹṣì

Baálẹ̀ Ajíròtútù ní láti orí bátìrì ni iná ti ń ṣàn lọ sí ìdí. Lásùn tó ń tún rédíò ṣe ní láti ìdí ni àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, èérún iná tí ojú kò lè rí, ti ń gbéra lọ sí orí. Baálẹ̀ pàṣẹ fún un pé, “Fi hàn mí pé àwa méjèèjì la tọ̀nà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ kó ẹrù rẹ, kí o fi sàréè ìyàwó rẹ sílẹ̀ fún wa!” Lásùn mú àwọn ìjòyè jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi àyè kan sílẹ̀ lápá ọ̀tún. “Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ sún sọ́tùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan.” Wọ́n sún tán. “Baálẹ̀, apá ibo ni wọ́n lọ?” “Ọ̀tún.” “Àyè yẹn ńkọ́?” “Ó ti bọ́ sósì.” “Bẹ́ẹ̀ náà ni nínú bátìrì: ti àwọn tó sún ni mo sọ, ti àyè lẹ sọ.” Baálẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. “Jókòó sílùú, alárékérekè!” Àwọn ìjòyè lọ bá aya wọn, Lásùn gbé ẹ̀bà tó tó ẹnì kan ṣoṣo jẹ lọ sẹ́yìnkùlé rẹ̀, ó jókòó ti sàréè ìyàwó rẹ̀.