Ohun Tí Omi Sọ fún Ọ̀bẹ

Nígbà láéláé, kí irin tó mọ ohun tí à ń pè ní ìpáàrà, gbogbo ohun èlò inú ilé ló ní ẹnu tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀bẹ lè sun inú omi fún ọjọ́ méje, kó sì jáde, kó máa dán gbinrin. Kò sí ẹni tó ń nù ún. Kò sí ẹni tó ń fi òróró pa á lára.

Ọ̀bẹ kan wà ní ilé obìnrin kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ìyá Àwẹ̀ró ló fi ọ̀bẹ náà sílẹ̀ fún un kó tó kú, kò sì sí òmíràn nínú ilé. Òun ni wọ́n fi ń rẹ́ ilá, òun ni wọ́n fi ń bẹ iṣu, òun náà ni wọ́n fi ń gé ìtàkùn lóko. Èèkù rẹ̀ ti fẹ́lẹ́ níbi tí ọwọ́ ìyá Àwẹ̀ró máa ń dì mú.

Odò kékeré kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé wọn. Omi inú odò yìí ni ọ̀rẹ́ Ọ̀bẹ. Ní àràárọ̀, Omi a fọ èérí kúrò lára Ọ̀bẹ, àwọn méjèèjì a sì jọ ṣeré títí oòrùn á fi mú.

Ní ọdún kan, igi ńlá kan wó lulẹ̀, ó dí odò náà lọ́nà. Ìtàkùn lọ́ mọ́ igi yìí, ewé gbígbẹ kó jọ sí i lára, Omi kò sì rí ibi kọjá mọ́. Àwọn ẹja tó wà ní ìsàlẹ̀ odò bẹ̀rẹ̀ sí í kú lórí iyanrìn.

Omi pe Ọ̀bẹ. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, jọ̀ọ́, wá bá mi gé ìtàkùn yìí. Bí o bá gé e, igi yóò yí, n ó sì ráyè kọjá."

Ọ̀bẹ wo ẹrẹ̀ tó wà lábẹ́ igi náà. Ó ní, "Wo bí mo ṣe ń dán. Mi ò lè tìtorí ẹni tí kò ní egungun kí n lọ máa yí nínú ẹrẹ̀."

"Èmi tí mò ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Omi dúró sẹ́yìn igi náà fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó ń gbóná, ó sì ń rùn. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, òjò ńlá rọ̀, Omi di alágbára, ó sì ti igi náà kúrò lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹja tó ti kú pọ̀.

Nígbà tí Omi dé ẹ̀yìn ilé Àwẹ̀ró, ó rí Ọ̀bẹ lórí òkúta. Ó ní, "Mo ti kọjá. Ṣùgbọ́n láti òní lọ, ibikíbi tí mo bá sùn sí lára rẹ, n ó jẹ ẹ́."

Ọ̀bẹ rẹ́rìn-ín. "Eyín wo lo fẹ́ fi jẹ irin?"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Ìbíyẹmí, ọmọ Àwẹ̀ró, bí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́. Ayọ̀ kò jẹ́ kí Àwẹ̀ró rántí nǹkan mìíràn. Ó bẹ iṣu tán, ó sọ Ọ̀bẹ sínú abọ́ omi, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́.

Nígbà tó fa Ọ̀bẹ yọ, ó ti pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀. Ara rẹ̀ rí ṣákaṣàka. Àwẹ̀ró gbìyànjú láti fi bẹ iṣu fún ọlọ́mọ tuntun, ṣùgbọ́n Ọ̀bẹ kò mú, ó kàn ń fi àwọ̀ pupa yí iṣu náà.

Ọ̀bẹ ní, "Ìyá mi, ara ń ro mí. Omi ti jẹ mí."

Àwẹ̀ró jókòó. Ní ọjọ́ karùn-ún sí i, àwọn àna Ìbíyẹmí ń bọ̀ wá sọ ọmọ lórúkọ, iṣu tí wọ́n máa bẹ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti iṣu ló mú omi lé sójú rẹ̀.

Ó ní, "Ohun kan ṣoṣo tó kù fún mi láti ọwọ́ ìyá mi rèé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ gbé e fún alágbẹ̀dẹ pé kó yọ́ ọ, kó fi rọ ìṣó?"

Ọ̀bẹ gbọ́ èyí, ẹ̀rù bà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó rántí àwọn ẹja tó kú.

Àwẹ̀ró wé Ọ̀bẹ sínú ewé, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ Akínlùyì, alágbẹ̀dẹ àgbà. Bàbá náà gbé Ọ̀bẹ sókè sí oòrùn, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó fi èékánná họ ọ́.

Àwẹ̀ró ní, "Bàbá, ẹ má fi pa mọ́ fún mi. Ṣé ó ti bàjẹ́ tán?"

Akínlùyì ní, "Jókòó, ọmọ mi. Ara nìkan ló jẹ, kò tíì dé inú. Lọ já ọsàn wẹ́wẹ́ méjì wá lẹ́yìn ilé, kí o sì bu eérú lẹ́bàá iná yẹn."

Akínlùyì la ọsàn náà, ó fún un sí ara Ọ̀bẹ, ó sì fi í sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Omi ọsàn náà ta Ọ̀bẹ lára, ṣùgbọ́n Ọ̀bẹ mú un mọ́ra. Lẹ́yìn náà bàbá fi kànìnkànìn bọ eérú, ó ń fi ha á, ó ń ha á, títí omi pupa fi ń ṣàn sílẹ̀. Ó fi omi ṣàn án, ó fi aṣọ gbígbẹ nù ún, ó yá a níná díẹ̀ kí ọ̀rinrin tó kù lè gbẹ. Ó wá pọ́n ọn lórí òkúta, ṣáá, ṣáá, títí ẹnu rẹ̀ fi mú.

Ó mú ewé kan, ó fi Ọ̀bẹ kàn án, ewé náà já sí méjì láìpariwo.

Àwẹ̀ró mí kanlẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń dà lójú rẹ̀. "Bàbá, ẹ ṣeun. Ẹ gbà mí."

Akínlùyì ní, "Àwọ̀ dúdú díẹ̀ yìí kò ní kúrò. Má bá a jà. Òun náà jẹ́ aṣọ fún irin."

Bí wọ́n ti ń padà lọ sílé, Ọ̀bẹ bẹ Àwẹ̀ró pé kí wọ́n gba ẹ̀bá odò kọjá. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, ó ní, "Omi, mo ṣẹ̀ ọ́. O nílò mi, mo fi ọ́ sílẹ̀. Dárí jì mí."

Omi ní, "Mo ti dárí jì ọ́. N ó tún máa fọ̀ ọ́ bíi tàtijọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti jáde kì í padà sẹ́nu: bí mo bá sùn lára rẹ, n ó jẹ ọ́. Nítorí náà, má jẹ́ kí n sùn. Bí a bá ti ṣeré tán, kí wọ́n nù mí kúrò lára rẹ. Kí wọ́n sì fi àdín pa ọ́. Èmi àti òróró kò lè sùn lórí ẹní kan náà."

Ọkàn Ọ̀bẹ balẹ̀. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, òun ló bẹ gbogbo iṣu. Bí Àwẹ̀ró ti ṣe tán, ó fọ̀ ọ́, ó nù ún gbẹ, ó fi àdín pa á, ó sì fi í há òkè àjà níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀bẹ tó bá sun inú omi ti máa ń dógùn-ún. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà obìnrin kì í ti í jẹ́ kí ọ̀bẹ wọn gbẹ fúnra rẹ̀, tí wọ́n ń nù ún, tí wọ́n sì ń fi òróró pa á lára bí ẹni ń pa ọmọ lára lẹ́yìn ìwẹ̀.