Ìjàpá Tọ́ Ọbẹ̀ Àna Rẹ̀ Wò

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ súnmọ́ mi, àlọ́ rèé o.

— Ó dé etí wa, a ń gbọ́.

Kí ni ń rìn kiri tí òjò kì í lé e wọ ilé onílé?

— Ìjàpá ni.

Ẹ gbà á. Àlọ́ mi gbéra, ó yí gbirigbiri, ó bọ́ sórí Ìjàpá, ọkọ Yánníbo, kò sì bọ́ síbòmíràn, àfi ìdí ààrò. Ẹni tó bá ti jẹun yó, kó fara balẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì jẹun, kó má bínú sí mi, nítorí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ní ìgbà kan, Ìjàpá kò mọ bí a ti ń dáná. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn oúnjẹ o. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ nípa Ìjàpá? Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà dé inú àwo kò kàn án. Yánníbo ni ń gúnyán, Yánníbo ni ń lọ ata, Yánníbo ni ń fẹ́ iná títí omi yóò fi máa dà lójú rẹ̀. Ìjàpá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa fa òórùn símú, á sì máa béèrè bóyá ó ti jinná.

Ó wá di ọjọ́ kan, ibà dá Yánníbo dùbúlẹ̀. Ó pe ọkọ rẹ̀, ó ní kó jọ̀ọ́, kó bá òun po ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀, kí òun lè rí nǹkan fi panu. Ìjàpá ní kò burú. Ó wo ààrò lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì, kò mọ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ló bá yọ́ jáde, ó gba ilé Òkété lọ. Ó bá wọn nídìí oúnjẹ, ó sì bá wọn jẹ ẹ́. Nígbà tó máa padà dé, ó ń nu ẹnu. Yánníbo wò ó láti orí ẹní. Bí ara rẹ̀ ti yá báyìí, ó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ìyá òun.

Ìjàpá béèrè pé ìgbà wo ló máa dé.

Yánníbo ní, "Ọjọ́ tí o bá mọ̀ pé ààrò wà nínú ilé yìí ni." Ó sì lọ.

Ọ̀rọ̀ náà tàn kálẹ̀. Bí Ìjàpá bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán lásìkò oúnjẹ, Òkété á ní àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Ọ̀kẹ́rẹ́ á gbé àwo rẹ̀ gun orí igi. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń gbé létí odò kò tilẹ̀ ní sọ ohunkóhun, ńṣe ni yóò gbé tirẹ̀ wọ inú omi lọ. Ebi ló dá Ìjàpá padà sílé, ebi náà ló sì fà á dé ìdí ààrò.

Ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó sè, ẹ má jẹ́ n sọ ọ́ tán. Kò ṣan irú kó tó dà á sí i, gbogbo rẹ̀ ń ró lẹ́nu bí ẹni ń jẹ iyanrìn. Ó fi iyọ̀ sí i, ó gbàgbé pé òun ti fi sí i, ó tún fi òmíràn sí i. Èyí tó tẹ̀ lé e jóná. Èyí tó tún tẹ̀ lé ìyẹn kò jóná, ṣùgbọ́n oyin ló dà sínú ilá, ó ní ohun dídùn méjì kò lè bí ohun kíkorò. Àwọn èèrà wá, wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n bá tiwọn lọ.

Àfi lọ́jọ́ kan tó gbé epo kaná, tó rẹ́ àlùbọ́sà sí i kó tó kan ata. Òórùn kan gbéra nínú ìkòkò náà, ó kún yàrá, ó gba ojú fèrèsé jáde. Ìjàpá dúró ti ààrò, ó gbàgbé pé ebi ń pa òun. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni.

Láti ọjọ́ náà ni ìdáná ti wọ̀ ọ́ lẹ́jẹ̀. Ó yan ẹ̀gúsí nínú agbada gbígbẹ kó tó lọ̀ ọ́, ó rí i pé ó ń ta sánsán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó já efinrin sínú ẹ̀wà. Ó gún atalẹ̀, ó fi pa ẹja lára kó tó yan án. Bó bá jí láàárọ̀, kó tó bọ́jú ni yóò ti máa rò ó: bí mo bá fi ẹ̀pà síbi tí ẹ̀gúsí wà ńkọ́? Bí mo bá jẹ́ kí irú kọ́kọ́ yí nínú epo ńkọ́? Èyí tó bá bàjẹ́, á dijú, á jẹ ẹ́ mọ́ra. Èyí tó bá dùn, á tún un sè lọ́jọ́ kejì, kó lè mọ̀ bóyá ọgbọ́n ni àbí oríire.

Ohun kan ló wá ń dùn ún. Kò sí ẹni tí yóò bá a jẹ ẹ́, kó sì sọ pé ó dùn. Nígbà mìíràn á gbé àwo méjì kalẹ̀ láìmọ̀, á wá rọra gbé ọ̀kan padà. Ló bá bu ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sínú ìṣasùn kan, ó fi ewé dé e lórí, ó gbé e lọ sílé àna rẹ̀.

Ìyá Yánníbo kì í ṣe ẹni à ń tàn jẹ. Ó ti pẹ́ láyé, ó sì ti mọ ọkọ ọmọ rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wá tọrọ ìyàwó tó jẹ iyán àwọn onílé mọ́ tirẹ̀. Ó ṣí ìṣasùn náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó tọ́ ọ wò.

Ó ní, "Àna mi, ta lo jí ọbẹ̀ yìí gbé lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyá mi, èmi ni mo sè é."

"Ìwọ wo?"

"Èmi yìí náà ni."

Yánníbo wà nínú yàrá tó ń gbọ́ wọn. Ẹ̀rín fẹ́ pa á, omijé sì fẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá sọ fún Ìjàpá pé òun ti gbọ́. Ó ní bó bá di ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, òun àti ọmọ òun yóò wá sílé rẹ̀. Bí àwọn bá bá irú ọbẹ̀ yìí lórí ààrò rẹ̀, Yánníbo yóò dúró síbẹ̀. Bí àwọn kò bá bá a, kó má ṣe fi ẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà òun mọ́ láé.

Ẹ̀gúsí tó wà nílé Ìjàpá tó fún àlejò méjì àti onílé kan. Epo tó. Ẹja náà tó. Ẹlòmíràn á ti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n Ìjàpá ní ìkòkò kékeré kò yẹ àna. Àti pé bí ìkòkò bá ṣe tóbi tó ni èyí tó máa ṣẹ́ kù fún alásè ṣe máa pọ̀ tó. Ó bá mú ọ̀nà pọ̀n, ó di ilé Òkété, tí kò sí ẹni tó mọ epo fún bíi tirẹ̀ ní gbogbo àdúgbò náà.

"Òkété, ǹjẹ́ epo rẹ ṣì dára báyìí?"

"Kí ló dé tí o fi béèrè?"

"Kò sí nǹkan kan. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń sọ pé ẹ̀gúsí òun ló ń mú ọbẹ̀ dùn. Ó ní epo kàn ń bá a rìn ni."

Inú bí Òkété. Ó wọlé, ó gbé odindi kèrègbè epo kan jáde, ó ní kí Ìjàpá lọ fi í se ọbẹ̀, kí aráyé tọ́ ọ wò, kí wọ́n wá sọ èwo ló ń bá èwo rìn. Ìjàpá dúpẹ́. Ó dé ìdí igi Ọ̀kẹ́rẹ́, ó ní Òkété ń sọ pé eruku lásán ni ẹ̀gúsí, pé epo ló ń bò ó láṣìírí. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, ẹ̀gúsí bíbó ti ń rọ̀ lé e lórí láti òkè bí òjò. Ó dé etí odò, ó sọ fún Pẹ́pẹ́yẹ pé àwọn méjèèjì ti fẹnu kò pé ẹja kò wúlò fún nǹkan kan nínú ọbẹ̀ ju kí egungun rẹ̀ há èèyàn lọ́fun lọ. Pẹ́pẹ́yẹ kó ẹja yíyan fún un títí ó fi kún apẹ̀rẹ̀. Ìjàpá ní kí gbogbo wọn wá ní ọjọ́ ọjà, kí wọ́n wá fẹnu ara wọn ṣe ìdájọ́. Nígbà tó délé, ó kó ìlàjì ohun gbogbo pa mọ́ sórí àjà fún ara rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Ìjàpá gbé ìkòkò tó tóbi jù lọ kaná. Ọbẹ̀ náà dùn láti ìgbà tí àlùbọ́sà ti bọ́ sínú epo. Nígbà tí ẹ̀gúsí rọ̀ tán, ó já efinrin sí i, ó mú ìgbakọ, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá iyọ̀ tó. Ó bu ìgbakọ kan, ó gbé e mì. Ó rò ó. Kò dá a lójú. Ó tún bu òmíràn. Ó wá ń kọrin, ẹ bá mi gbè é:

Bóyá iyọ̀ ni kò tó o,
— Ọbẹ̀ ń hó kùtùkùtù.
Ẹ jẹ́ n tún un tọ́ wò o,
— Ọbẹ̀ ń hó kùtùkùtù.
Bóyá ata ni kò dé o,
— Ọbẹ̀ ń hó kùtùkùtù.
Àna mi ń bọ̀ lọ́nà o,
— Ọbẹ̀ ń hó kùtùkùtù.

Ó tọ́ apá ọ̀tún ìkòkò wò, ó ní apá òsì lè yàtọ̀. Ó tọ́ òkè wò, ó ní ìsàlẹ̀ ló ni òótọ́. Ó tọ́ ẹja tó wà nítòsí wò, ó ní kí ti ọ̀ọ́kán má bàa bínú. Bó ṣe ń kọrin náà ló ń bu ú, títí ìgbakọ fi ró gbàgà. Ìdí ìkòkò ló kàn.

Lẹ́sẹ̀kan náà ló gbọ́ ohùn àwọn àlejò lẹ́nu ọ̀nà.

Ọgbọ́n kan sọ sí i lọ́kàn. Ó ní òun yóò fa orí àti ẹsẹ̀ wọ inú ìkarahun, òun yóò ṣe bí ẹni tí olè lù bolẹ̀. Ó fa orí, orí kò wọlé. Ó fa ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ kò ráyè. Ọbẹ̀ ti gba gbogbo ilé lọ́wọ́ onílé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọlé bá a: Yánníbo, ìyá rẹ̀, Òkété, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti Pẹ́pẹ́yẹ. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àna rẹ̀, ikùn gbé e sókè, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń wẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Ó ní, "Ìyá mi, olè ti gbé ọbẹ̀ lọ."

Ìyá Yánníbo wo ìkòkò. "Ọ̀nà wo ló gbà?"

Kí Ìjàpá tó rí èsì, ó gùfẹ̀. Òórùn efinrin àti ẹja yíyan kún yàrá.

Yánníbo ní, "Ó jọ pé ọ̀nà ọ̀fun ló gbà."

Ni Òkété bá bi Ọ̀kẹ́rẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ tó sọ nípa epo òun, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ní ti ẹ̀gúsí òun ńkọ́. Pẹ́pẹ́yẹ dá sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé ẹnu kan ṣoṣo ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Wọ́n ní àwọn yóò dojú Ìjàpá délẹ̀, kó wà bẹ́ẹ̀ títí ọbẹ̀ yóò fi dà. Ìjàpá kò tilẹ̀ bẹ̀ wọ́n. Ó ń wo Yánníbo, ó rí i tí ìyàwó rẹ̀ tún gbé ẹrù lé apá, tí ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

Ìyá Yánníbo ní kí wọ́n dúró ná. Ó fi ìka nu etí ìkòkò, ó lá a. Ó tún nu ún lẹ́ẹ̀kejì.

Ó ní, "Ọ̀lẹ ni mo bínú sí, ẹni tó lè se èyí kì í ṣe ọ̀lẹ mọ́. Ọ̀kánjúwà ló kù, a ó mọ bí a ó ti ṣe é. Dìde, kí o tún òmíràn sè níṣojú wa."

Ìjàpá ní kò sí ohun tó kù nílé. Yánníbo gbójú sókè, ó wo àjà. Ó mọ ilé rẹ̀, ó sì mọ ọkọ rẹ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ fò gun òkè, ó ń ju ohun gbogbo sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ìjàpá sì ń ṣà á tìtìjú-tìtìjú.

Wọ́n jókòó yí i ká. Ó rẹ́ àlùbọ́sà, ó yan ẹ̀gúsí, ó ń làágùn. Nígbà tí ọbẹ̀ fẹ́ jinná, ọwọ́ rẹ̀ ti dé orí ìgbakọ. Yánníbo rọra gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè, ó sì kán ẹ̀kán ọbẹ̀ kan ṣoṣo sí i.

Ó ní, "Èyí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ bá gbà ni tìrẹ. Ìyókù jẹ́ ti àwọn tó jókòó."

Ìjàpá lá a. Ó ronú díẹ̀.

"Iyọ̀ kù díẹ̀," ló wí.

Òótọ́ sì ni. Wọ́n fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ọbẹ̀ náà bá dé ibi tó yẹ kó dé. Òkété àti Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ ẹ́ títí, wọn kò mọ èyí tó ń bá èkejì rìn mọ́. Pẹ́pẹ́yẹ ń lá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ níbi tí ọbẹ̀ kán sí. Ìyá Yánníbo ní kí wọ́n tún bu sí i fún òun, bẹ́ẹ̀ ni kì í sábà béèrè. Ìjàpá jókòó ti ògiri pẹ̀lú ikùn rẹ̀, ó ń wo ẹnu wọn. Ó ń dùn ún pé kò sí àyè nínú òun mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí Yánníbo jẹ òkèlè kan, tó ní ó dùn, kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà nìkan ló padà sílé rẹ̀ lọ́jọ́ náà, Yánníbo kò bá a lọ.

Ẹ̀yin ọmọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń se ọbẹ̀ fi máa ń kán an sí àtẹ́lẹwọ́ bó bá fẹ́ tọ́ ọ wò, tí kì í bu ìgbakọ kún.

Ibi tí àlọ́ mi wọlẹ̀ sí rèé. Bí mo bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí iyọ̀ tán nílé mi. Bí n kò bá bu irọ́ mọ́ ọn, kí ẹnu mi dún lẹ́ẹ̀mẹta bí ìkòkò tó ń hó.

Pó, pó, pó.

— Ó dún.