Òjéníran àti Kòkòrò Abẹ́ Ewé

Kòkòrò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ̀fọ́ Òjéníran tán lóko. Ó ra oògùn, ó ń fi páńpù fín in sórí ewé bí ẹni ń wọ́n omi ságbàlá, àmọ́ kòkòrò kò kú. Ló bá fìbínú lọ bá Ìyá Sẹ́mìátù tó ta oògùn fún un.

"Omi lẹ tà fún mi!"

Ìyá Sẹ́mìátù tẹ̀lé e dóko, ó ní kó fín in kóun rí i. Bó ti fín in, afẹ́fẹ́ gbé e lu fìlà rẹ̀. Ìyá bú sẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yí ewé kan padà. Kòkòrò kún abẹ́ rẹ̀, oògùn kò kàn wọ́n lára rárá.

"Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà," ló wí. "Kò sí nínú fìlà rẹ."

Òjéníran yí ẹnu páńpù sábẹ́ ewé, kòkòrò sì kú. Nígbà tó wá túúbá, Ìyá Sẹ́mìátù ní, "Ẹ̀fọ́ ni kó o fi bẹ̀ mí."