Ọwọ́ Òsì Ìyàwó

Bí a ti í ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn. Oṣù mẹ́ta ni Ìyá Oyèwùmí fi wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní Sẹ̀nẹ̀gà. Lọ́jọ́ tó ń padà sí Ìwó, Àwà, ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ibẹ̀, na ọwọ́ òsì sí i pé ó dàbọ̀.

"Òsì kẹ̀? Sí èmi ìyá ọkọ rẹ!" Màmá gbẹ́rù, ó kọjú sí mọ́tò. Àwà bú sẹ́kún.

Oyèwùmí sáré dí ọ̀nà. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. Níbí, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ kó padà wá ni wọ́n ń na òsì sí. Wọ́n á ní àṣìṣe ni, ẹ gbọ́dọ̀ padà wá tún un ṣe."

Màmá sọ ẹrù kalẹ̀. Ó na òsì tirẹ̀, ó di ti Àwà mú.

"Dákẹ́, ìyàwó mi. N ó dé kọ́mọ yìí tó rìn."

Dẹ́rẹ́bà fọn fèrè títí, wọn ò tú ọwọ́.