Ìyá Òkété Tí Wọn Kò Bi Léèrè Ọ̀rọ̀ Òkè

Àlọ́ o!

— Àlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, ẹ̀yin ọmọ yìí. Èmi tí mo ti oko dé tí ẹ̀yìn ń ro mí ni ohùn mi ròkè ju tiyín lọ. Àlọ́ o!

— Àlọ̀ ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Àwọn àlejò tó wá fi ọ̀dà pupa sàmì sára igi òkè wa tí wọ́n fẹ́ gé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ bá wa tún òkè ṣe, àwọn ni wọ́n rán mi létí àlọ́ yìí. Ti Ìjàpá kọ́ o. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn náà sinmi. Ti Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ni.

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko tẹ ìlú kan dó sí ẹsẹ̀ òkè. Lọ́dọọdún, bí òjò bá ti le, òkè yẹn á ya. Ilẹ̀ á wọ́ wálẹ̀, á gbé oko ẹni kan lọ, á bo ilé ẹlòmíràn. Wọ́n á sunkún, wọ́n á tún ilé kọ́, òjò á tún dé. Ó sú wọn.

Ìyá Òkété, opó ọlọ́mọ mẹ́fà, ló ń gbé ní àárín òkè náà. Ọdún mẹ́ta ló fi gbẹ́ ihò rẹ̀. Kò sí ibi tí omi ń gbà lábẹ́ òkè tí kò mọ̀.

Erin, ọba ìlú, pe ìpàdé. Ó ní, “Kí ni ká ṣe sí òkè yìí?”

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ti fò dìde. “Kábíyèsí, igi ló fà á. Igi orí òkè ti wúwo jù, àwọn ni wọ́n ń ti ilẹ̀ wálẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gé wọn. Ẹ fi iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́, n ó pe ọ̀wẹ̀.”

Irọ́ ni o! Ilẹ̀ tuntun tí yóò gbin iṣu sí ló ń wá, kò sì fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣán igbó.

Ìyá Òkété nawọ́. “Ẹ gbọ́ tèmi ná. Gbòǹgbò igi wọ̀nyẹn ló di òkè mú. Ọ̀nà ni ká là fún omi . . .”

“Ẹ jókòó, ìyá,” ni Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wí. “Kí lẹ fẹ́ rí nínú ihò?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Erin náà rẹ́rìn-ín.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ọ̀wẹ̀ nílùú yẹn ni pé bí wọ́n bá ti bẹ̀ ọ́, o ó gbé àdá, o ó lọ. Bí o bá béèrè ohun tí iṣẹ́ náà wà fún, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ọ́. Nítorí náà, kò sí ẹni tó béèrè. Ẹfọ̀n gòkè, Àgbọ̀nrín gòkè, Ọ̀bọ gòkè. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gé igi. Ìyá Òkété dúró lẹ́nu ihò rẹ̀, ó ń kọrin sí wọn bí wọ́n ti ń kọjá. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ bi mí ná, ará ilé mi,
— Ẹ bi í ná!
Omi ń lọ lábẹ́ ilẹ̀,
— Ẹ bi í ná!
Èmi ni mo mọ̀nà rẹ̀,
— Ẹ bi í ná!

Wọn ò bi í.

Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ kọ ebè kún gbogbo ibẹ̀. Iṣu rẹ̀ ta bí ẹsẹ̀ Erin. Àwọn tó gé igi kò rí èèbù kan gbà. Ó kọ́ abà sáàárín oko, ó ń sùn ti iṣu rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà wa ọ̀kan.

Òjò ọ̀wàrà dé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ìyá Òkété fi etí lélẹ̀, ó gbọ́ omi níbi tí gbòǹgbò ti jẹrà. Ó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló lọ tó bọ̀, ó sì ń ké sí gbogbo ilé pé kí wọ́n jáde. Ó kọjá lẹ́bàá abà.

“Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, kúrò níbẹ̀ o. Òkè ń bọ̀.”

“Iṣu mi lẹ fẹ́ wà, ìyá yìí. Mi ò lọ síbì kankan.”

Gìrìrìrì! Òkè ya. Ebè lọ, abà lọ, ààfin Erin lọ. Ihò ọdún mẹ́ta lọ. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ rì sínú amọ̀ pupa, imú rẹ̀ nìkan ló yọ síta. “Ẹ gbà mí o! Ẹ bá mi ṣe ọ̀wẹ̀!”

Wọ́n gbé ọkọ́ dé. Ibi tí wọ́n bá gbẹ́, amọ̀ á tún ya dí i. Gbogbo wọn bá yíjú sí Ìyá Òkété. Erin fúnra rẹ̀ tẹrí ba. “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ni ká ti gbẹ́ ẹ?”

Ó ti rẹ Ìyá Òkété. “Òní lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi mí,” ló wí. “Ẹ kọ́kọ́ la ojú omi sápá òsì. Lẹ́yìn náà, kí ẹ gbẹ́ ẹ láti òkè, díẹ̀díẹ̀.”

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n fà á yọ. Amọ̀ yẹn kò bọ́ lára rẹ̀ mọ́. Òun ló jẹ́ kí irun Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ pọ́n títí dòní. Ìyá Òkété tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò mìíràn nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tòun ti àárẹ̀ ara rẹ̀. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá dé ibẹ̀ yẹn.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹ bi ẹni tó ń gbé orí òkè léèrè kí ẹ tó gbé àdá. Bí mo bá bù mọ́ àlọ́ yìí, kí oorun má kùn mí lónìí. Ó sì ti ń kùn mí.

Kí ọ̀kan nínú yín jí mi lọ́la kí àwọn ọlọ́dà pupa yẹn tó dé. Ọjọ́ kẹta rèé tí wọ́n ti ń gba iwájú ilé mi kọjá. Wọn ò bi mí. N ó gbé àpótí mi lọ sídìí igi tí wọ́n sàmì sí, n ó jókòó tì í.